Òkú àgbà ni ìyá mi, ṣùgbọ́n ẹkún ò dá lójú mi

Ọmọ Òkè-Àgbò:

Ẹ kú ojúmọ́ o, dédé ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ ó sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mo ti bi àwọn tó wà nítòsí mi, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn ń fún mi.

Màmá wa papò dà lẹ́yìn tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ìjẹ̀bú-Igbó níbí la sin wọ́n sí. A ṣe àìsùn, a ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, a na kánópì títí dé ojú títì, gbogbo ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló wá pẹ̀lú aṣọ tiwọn. Ọmọ sin wọ́n, wọ́n rí ọmọ-ọmọ, wọ́n rí ọmọ tí ọmọ-ọmọ bí. Gbogbo ohun tí Ìjẹ̀bú ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni wọ́n rí gbà. Mo mọ̀, mo sì dúpẹ́.

Èmi ni mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn láwọn ọdún tó kẹ́yìn. Èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mo ń gé èékánná wọn, èmi ni mo ń ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí wọn lọ́wọ́ láràárọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú kánópì, kò sí ẹni tó tún bi mí pé báwo ni. Ilẹ̀ á mọ́, n ò ní mọ ohun tí màá fọwọ́ mú. Mo lè wà lọ́jà, kí n rí ìyá àgbà kan tó wé gèlè bíi tiwọn, omi á ti bọ́ lójú mi. Tí mo bá wí, wọ́n á ní: "Òkú àgbà ni, òkú ayọ̀ ni. Kí ni kí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú ní kékeré wá ṣe?" Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tilẹ̀ ní àìmoore ni mo ń ṣe sí Ọlọ́run.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé nítorí pé ènìyàn dàgbà kó tó kú, kò yẹ kí ọmọ rẹ̀ banú jẹ́ kọjá ọjọ́ ìsìnkú ni? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé tiyín lẹ́yìn tí èrò bá ti túká?

Bàbá Pórógun:

Ọmọ mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yìn ìyá á dára. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ "òkú àgbà" yìí ṣe dé ẹnu wa, kí o má bàa rò pé ọkàn líle ló bí i. Láyé àwọn ìyá wa, ikú ọmọdé ló wọ́pọ̀. Ìgbóná ń pa ọmọ, ibà ń pa ọmọ, ìkọ́ ń pa ọmọ. Ìyá kan lè bí ọmọ púpọ̀ kó má ju méjì lọ tó máa kù sílẹ̀. Tí ẹnì kan bá wá dàgbà, tó darúgbó, tí ọmọ tó bí fọwọ́ ara rẹ̀ da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń sọ pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àkàrà tí wọ́n ń dín, tí wọ́n ń pín kiri àdúgbò tí àgbà bá kú, ọpẹ́ ni. Ìlù àti ijó, ọpẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ pé kí ọmọ má sunkún. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń túfọ̀, àwọn ọmọ-osú ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì sunkún. Wọ́n á ki òkú láti ìdílé bàbá dé ti ìyá, wọ́n á dárúkọ àwọn tó ti lọ ṣáájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò lè mú ojú gbẹ. Kì í ṣe ọjọ́ kan péré. Ọjọ́ kẹta ní tirẹ̀, ọjọ́ keje ní tirẹ̀, ogójì ọjọ́ ní tirẹ̀. Láàárín gbogbo rẹ̀, àwọn ènìyàn ń wá, wọ́n ń lọ.

Òkú kì í sì í jìnnà nígbà yẹn. Inú ilé là ń sin wọ́n sí, yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Títí di òní, ẹ wo bí ibojì ṣe pọ̀ tó níwájú ilé ní Ìjẹ̀bú. Ọmọ tó bá jí láàárọ̀ á gbálẹ̀ dé ojú oórì bàbá rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá wà lọ́kàn rẹ̀, á sọ ọ́ níbẹ̀.

Ní báyìí, a gbé òkú sí mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ títí owó á fi pé, a wá di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí Ọjọ́bọ̀, Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Àwọn ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi wà pẹ̀lú olóòkú la ti kó dànù. Èmi ò bínú sí ayẹyẹ. Àwọn ọjọ́ yẹn ló ń dùn mí.

Ṣèyí Ṣàgámù:

Ẹ kú ìrọ́jú, Àǹtí. Mo kà á pé ìpele márùn-ún ni ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń gbà kọjá. Á kọ́kọ́ ní irọ́ ni, lẹ́yìn náà inú á bí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run dúnàá-dúrà, ìrẹ̀wẹ̀sì á dé, nígbẹ̀yìn á gba kádàrá. Ó jọ pé ìpele kẹrin lẹ wà. Ẹ mú sùúrù, ó ku ẹyọ kan.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ:

Ṣèyí, o ṣeun, àníyàn lo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe, nítorí mo ti rí àwọn tí ọ̀rọ̀ ìpele yìí kó ìdààmú bá. Dókítà Elisabeth Kübler-Ross ló gbé e jáde lọ́dún 1969, àwọn aláìsàn tí ikú ti sún mọ́ ló sì jókòó tì tó fi kọ ọ́. Ohun tó ń lọ lọ́kàn ẹni tó ń kú lọ ló ń wá. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n wá nà án dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Ọ̀fọ̀ ò mọ ìpele kankan. Èèyàn lè gba kádàrá láàárọ̀, kí inú bí i lọ́sàn-án, kó rẹ́rìn-ín lálẹ́, kó tún sunkún sùn. Ẹni tó bá ń retí ìpele karùn-ún, tí kò dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé nǹkan ń ṣe òun.

Ẹ̀yin tí ẹ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo kí yín kú ọ̀fọ̀ ìyá. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Ọmọ tó ń wá kí wọn ní ìparí ọ̀sẹ̀ pàdánù ìyá. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú wọn pàdánù ìyá, ẹ tún pàdánù iṣẹ́ tí ẹ fi ń jí, tí ẹ fi ń sùn. Ọ̀fọ̀ yín kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀gbọ́n yín, kì í ṣe pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn wọn jù ú lọ. Àwọn olùtọ́jú aláìlera là ń rí jù tí wọ́n ń wó lulẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, nítorí kò sí ẹni tó ń wo ojú wọn nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wo posí.

Ìbéèrè kan: ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ṣé ẹ ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, ọmọ olóòkú ò sùn, kò jẹun, ó gbàgbé oògùn tirẹ̀. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́.

Ọmọ Aáfà, Òde-Rẹ́mọ:

As-salaamu alaykum. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó ní àìmoore ni ẹkún ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá ń ka ibí.

Nígbà tí Ibrahim ọmọ Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń pọ̀ọ̀kà ikú, omijé bọ́ lójú Ànábì. Ó ya àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́nu. Ó dá wọn lóhùn pé àánú ni, pé ojú ń sunkún, ọkàn ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n a kò ní sọ ohun tí Olúwa wa kò yọ́nú sí. Ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ ni kí èèyàn máa fa aṣọ ya, kó máa gbá ara rẹ̀ létí, kó máa bá Ọlọ́hun fa wàhálà. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ̀ pé Jésù sunkún níbi ibojì Lásárù, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun fẹ́ jí i dìde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìsìláàmù là sílẹ̀ fún ìṣọ̀fọ̀, àyàfi opó tí tirẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ rò pé ó já sí pé tó bá di ọjọ́ kẹrin, kí ọkàn ti gbẹ. Ìṣọ̀fọ̀ tí ojú ń rí ló ní gbèdéke, bíi kí obìnrin pa ọ̀ṣọ́ ara tì. Kò sí ẹni tó fún àárò ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ tán.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí. Nígbà tí ìròyìn ikú Jafar ọmọ Abu Talib dé Mẹ̀dínà, Ànábì ní kí wọ́n se oúnjẹ fún àwọn ará ilé Jafar, nítorí ohun tó gba ọkàn wọn ti dé bá wọn. Àwọn aládùúgbò ló se é. Ilé olóòkú ni wọ́n gbé e lọ. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, olóòkú ló ń se fún gbogbo ìlú, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì bákan náà. Mo ti dé ibi àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí àwọn ọmọ yáwó ra màlúù, tí ìyàwó olóògbé sì wà nínú yàrá, tí kò sí ẹni tó bu omi fún un.

Alága Ẹgbẹ́:

Aáfà, mo gbọ́, mo sì gba ti opó inú yàrá yẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á da ọmọ nù mọ́ omi ìwẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí bàbá tiwa lọ, àwọn ẹgbẹ́ mi, àwọn tí a jọ wà ní régbérégbé kan náà, wọn ò jẹ́ kí n nìkan ṣe nǹkan kan. Owó tí wọ́n dá jọ ni a fi ra posí. Àwọn ló lọ gbé òkú, àwọn ló dúró ti àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn ló jókòó tì mí ní alẹ́ àìsùn. Nígbà tí wọ́n ki bàbá mi sí mi létí lórí ìlù, mo ń jó, mo ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà. N ò mọ ibòmíràn tí mo lè ti sunkún bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, èmi ọkùnrin àgbà, kí ẹnikẹ́ni má wò mí tìka-tẹ̀gbin. Àwọn ọkùnrin ń bẹ nílùú yìí tí agbo ijó òkú nìkan ni wọ́n ti ń rí àyè sunkún bàbá wọn.

Ẹ bu ẹnu àtẹ́ lu gbèsè, màá bá yín lù ú. Kí wọ́n lọ gba owó alájẹṣẹ́kù láti pín ike àti abọ́ fún àwọn àlejò, ìwà òmùgọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí àwọn ènìyàn péjọ, kí wọ́n wọ aṣọ kan náà, kí wọ́n jó nítorí ẹni kan tó ti lọ, ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà ìṣọ̀fọ̀.

Opó Ìpẹru:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀, n ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀.

Èmi ò rí agbo ijó. Ọkọ mi kò tíì pé ogójì ọdún. Òkú ọ̀fọ̀ ni wọ́n pè é, wọ́n sì sin ín ní kíákíá, àwọn òbí rẹ̀ kò dé ibi ibojì gẹ́gẹ́ bí àṣà, kò sí ìlù, kò sí oúnjẹ. Ìyẹn kò dùn mí, ta ni yóò jó? Ohun tó dùn mí ni bí àwọn ènìyàn ṣe sá. Àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ ń ṣe ọdún, tí wọ́n bá rí mi lọ́jà, wọ́n á gba òdìkejì. Ó yé mi nígbà tó yá pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Àwọn tó sì wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Má sunkún mọ́, nítorí àwọn ọmọ." Mo wá ń lọ sunkún ní balùwẹ̀, kí àwọn ọmọ má bàa rí mi. Àwọn ọmọ náà ń sunkún níbi tí èmi ò ti lè rí wọn. Ọmọbìnrin mi ló sọ fún mi nígbà tó yá. Ilé kan náà, kálukú sì ń fi ẹkún pamọ́ fún ara wọn.

Wọ́n fẹ́ fá irun mi, mo kọ̀. Àwọn ìyá ilé kan bínú sí mi títí dòní. Àwọn obìnrin tó ń ka ibí, ẹ mọ̀ ọ́n pé òfin ìjọba àpapọ̀ tọdún 2015 tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ka ìyà opó mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ìjìyà. Tí opó bá fẹ́ wọ dúdú fún ọkọ rẹ̀, kó wọ̀ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ipá mú un.

Àǹtí mi ní Òkè-Àgbò, mo wà lára àwọn tí ẹ lè rò pé wọ́n á sọ pé "tìrẹ dára jù." Ọlọ́run mọ̀ pé kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi. Mo ní ìyá. Tí wọ́n bá lo ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, tí wọ́n bá lọ, màá kígbe.

Ṣèyí Ṣàgámù:

Ẹ ṣeun, mà. Kí ni kí ẹni tí kò mọ ohun tó máa sọ wá sọ? Mo ń béèrè tọkàntọkàn, nítorí ọ̀rẹ́ mi kan pàdánù àbúrò rẹ̀ láìpẹ́, èmi náà sì ti ń yẹra fún un.

Opó Ìpẹru:

Lọ síbẹ̀. Pe orúkọ àbúrò rẹ̀. Sọ ohun kan tí o rántí nípa rẹ̀, kódà kó jẹ́ ohun ẹ̀rín. Má sọ pé Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu rẹ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Tí o kò bá rí nǹkan kan sọ, bá a fọ abọ́. Nínú Bíbélì, ọjọ́ méje, tọ̀sán tòru, ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í ní ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní London:

Bàbá mi kú ní Ìjẹ̀bú-Òde ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Ẹ rántí ìgbà yẹn. Wọ́n ti ti pápákọ̀ òfurufú láti oṣù kẹta, Èkó àti Ògùn wà nínú kónílé-ó-gbélé. Àwọn ènìyàn díẹ̀ péré ló sin bàbá tó jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ni ì bá ṣófo nítorí rẹ̀. Lórí fóònù ni mo ti wò ó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tí wọ́n ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀, nígbà tó fi padà, iyẹ̀pẹ̀ ni mo rí.

Mo padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, láti ilé. N ò sunkún. Mo rò pé mo lágbára ni. Ìgbà tí mo wá sílé lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, tí mo rí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú orúkọ wọn lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kọ̀ mí. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti pẹ́." Lọ́dọ̀ tiwọn ó ti pẹ́. Lọ́dọ̀ tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n kú.

Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni ohùn wọn tó wà lórí WhatsApp mi. Wọ́n kì í tẹ ọ̀rọ̀, ohùn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, wọ́n á fi oríkì mi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí òbí yín wà láàyè, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn, fóònù a máa bàjẹ́. Tí ẹni tó lọ bá ní Facebook, ẹ lè sọ fún wọn kí wọ́n sọ ojú-ewé náà di ti ìrántí, kó má bàa máa rán wa létí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bí ẹni pé ó wà láyé.

Ìyá Ìbejì, Odògbólú:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Tèmi ò ní ọjọ́ orí tí wọ́n lè fi díwọ̀n rẹ̀. Ìbejì ni mo bí, Táyé kò pẹ́ rárá tó fi padà. Wọn ò jẹ́ kí n rí ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní ìyá kì í mọ̀ ọ́n. Kò sí àìsùn, kò sí ìwé ìbánikẹ́dùn lẹ́nu ọ̀nà, kò sí fọ́tò. Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi ni: "Ṣebí ìkan ń bẹ. Òmíràn á dé." Bí ẹni tó ní ojú méjì, tí ọ̀kan fọ́, tí wọ́n wá ní kó dúpẹ́ pé ó ṣì ń ríran.

Ìyá ìyá mi nìkan ló ṣe ohun tó yàtọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé láyé tiwọn, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á lọ bá babaláwo, lẹ́yìn náà gbẹ́nàgbẹ́nà á gbẹ́ ère kan. Ère yẹn, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á lára, á máa fún un lóúnjẹ nígbà tó bá ń fún èyí tó wà láàyè, á so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn rí ère tí ojú rẹ̀ ti yọ̀ tán, tí imú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, nítorí bí ìyá ṣe ń fọ ọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère wọ̀nyẹn ló ti di ohun tí àwọn òyìnbó ń kó sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí, wọ́n ń yìn ín pé iṣẹ́ ọnà ni. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo ronú pé ọwọ́ ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú ló pa ojú ère yẹn rẹ́.

Kìrìsìtẹ́nì ni mí, n ò gbẹ́ ère. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn jẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn tó ṣáájú wa fún ìyá ní ohun tó lè ṣe, wọn ò ní kó gbàgbé. Nítorí náà, lọ́dọọdún tí Kẹ́hìndé bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, mo máa ń se ẹ̀wà elépo púpọ̀, mo máa ń pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò, mo sì máa ń sọ fún Kẹ́hìndé pé ti ẹ̀yin méjèèjì ni. Pásítọ̀ wa béèrè nígbà kan, mo ṣàlàyé, wọ́n gbé abọ́ tiwọn wá.

Ọmọ Òkè-Àgbò:

Mo ń ka èyí, ojú mi ò gbẹ. Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á, ó ti pẹ́ ṣùgbọ́n ẹ gbà á. Opó Ìpẹru, ẹ kú ará fẹ́ra kù.

Nọ́ọ̀sì, mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ga díẹ̀, wọ́n ní kí n padà wá. Mo ń jẹun, mo ń ta ọjà, ṣùgbọ́n oorun ni kò sí. Aago mẹ́ta òru tí mo máa ń jí yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo ṣì ń jí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti di àìsàn?

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ:

Ẹ ṣeun tí ẹ lọ. Jíjí lágogo mẹ́ta kò yà mí lẹ́nu, ara yín ti kọ́ iṣẹ́ yẹn, á pẹ́ díẹ̀ kó tó gbàgbé. Ẹ má lọ ra oògùn oorun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àìsàn kan wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sínú ìwé àìsàn wọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ọ̀fọ̀ tó kọ̀ tí kò rọlẹ̀. Wọ́n ní kó tó oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kó sì kọjá ohun tí àṣà àti ẹ̀sìn ibẹ̀ kà sí ìṣọ̀fọ̀. Àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún kan ni fún àgbàlagbà. Oṣù nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, tí kò wẹ̀, tí kò gbà pé ẹni náà ti kú, tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ bá a, tàbí tó ń fi ọtí pa á rẹ́, ẹ mú un lọ sí ọsibítù, ẹ má dúró de oṣù kankan. Aro, ọsibítù àwọn aláìsàn ọpọlọ, wà ní Abẹ́òkúta níbẹ̀ láti 1954, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín nítorí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun, tí ẹ ń ta ọjà, tí ẹ ń sunkún ìyá yín, ọ̀fọ̀ lẹ ń ṣe. Tí oorun kò bá padà, ẹ sọ fún wọn níbi tí ẹ ti máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Bàbá Pórógun:

Mo tún padà. Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ní oṣù keje ọdún 1963, àkọ́bí wọn ọkùnrin, Ṣẹ́gun, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ nígbà tí ọkọ wọn wà lẹ́nu ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Ọkọ wọn lọ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 1987. Àwọn fúnra wọn lọ ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ọjọ́ tí wọn ì bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún gan-an ni wọ́n sin wọ́n. Bí òkú àgbà bá wà, ìyẹn ni. Ta ló jẹ́ sọ fún ọmọ tí wọ́n bí pé kó má sunkún?

Nígbà tí Awùjalẹ̀ wàjà ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù keje ọdún 2025, ọba tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ òmíràn yàtọ̀ sí i láti 1960, ọjọ́ kejì ni wọ́n sin wọ́n ní ìlànà Ìsìláàmù. Lọ́gán ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, ta ló ni òkú ọba, ẹ̀sìn tàbí àwọn Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo ìlú. N ò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ohun tó dùn mí ni pé nínú gbogbo ariwo yẹn, mi ò rí ẹni tí mo lè bá jókòó kí n kàn sọ pé ọba wa lọ, àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Ọmọ mi, ṣé o mọ oríkì ìyá rẹ? Tí o bá mọ̀ ọ́n, máa kì í, kódà kó jẹ́ agogo mẹ́ta òru. Tí o kò bá mọ̀ ọ́n, wá àgbàlagbà kan ní ilé bàbá wọn kí ó tó pẹ́ jù.

Ọmọ Òkè-Àgbò:

Mo mọ ìdajì, Bàbá. Àǹtí ìyá mi kan wà ní Òru tó mọ gbogbo rẹ̀. Màá lọ bá wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá sì mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dání.

Ará Òjòwò:

Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. N kì í sábà kọ nǹkan níbí, kíkà ni mo máa ń kà. Ìjẹ̀bú-Igbó níbí ni mo wà. Tí kò bá ni yín lára, ṣé mo lè wá kí yín ní ọjọ́ Àìkú? Màá se oúnjẹ wá, ẹ má se nǹkan kan.

Ọmọ Òkè-Àgbò:

Ẹ máa bọ̀. Lẹ́yìn ìsìn ni kí ẹ wá, bí agogo méjì. Màá fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀. N kì í jẹ ata púpọ̀.